Búúta Ẹnu Ọ̀nà

Títí di òní, bí mo bá dé ilé onílé tí mo rí búúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ sálúbàtà lẹ́nu ọ̀nà, ojú a máa tì mí kí n tó kí ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ mi kò mọ ìdí rẹ̀, wọ́n rò pé àgbà ló ń dé sí mi. Ọdún kan péré ló fà á, ọdún tí mo ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìlú wa, Ìtàjí, tí àwọn ará àdúgbò fẹ́ fi bàbá mi jẹ Bàbá Àdínì ní mọ́sáláṣí kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa. Oyè olówó ni, a kì í fi ẹni tí kò ní jẹ ẹ́. Ilé wa sì dùn ún wò láti òde nígbà náà. A kùn ún ní funfun níwájú, páànù rẹ̀ ṣì ń dán, ilẹ̀kùn àbáwọlé rẹ̀ sì jẹ́ oníkọ́kọ́rọ́, irú èyí tí èèyàn kò lè fi ojú mọ̀ bóyá inú ni wọ́n ti tì í tàbí òde. Láàárọ̀, ohùn Ládánì ni yóò kọ́kọ́ jí wa, lẹ́yìn náà ìró ọwọ̀ ìyá mi, lẹ́yìn náà Ìyá Fọlọ́runṣọ́ láti òdìkejì ọ̀nà: "Ẹ kú ulé o, ará ulé yìí! Ṣé ẹ jí re?" Opó ni, onígbàgbọ́ ni, ó ń rán aṣọ fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń ké láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nílé ìwé, ilé ni tíṣà ní ká máa pè é. Ní àdúgbò wa, ulé ni, ọmọ tó bá sì pè é ní ilé níwájú Ìyá Fọlọ́runṣọ́, á ní kó kúkú fi gẹ̀ẹ́sì kún un.

Inú yàrá kan ni èmi, ìyá mi àti àwọn àbúrò mi ń sùn, lórí ẹní. Bàbá ń sùn ní pálọ̀, lórí awọ àgbò tó fi ń kírun. Yàrá tó kọjú sí títì la ń pè ní yàrá ẹrù, àgádágodo ńlá kan ló wà lára rẹ̀, tí Bàbá máa ń fi epo pupa nù ní gbogbo Jímọ́ọ̀ kó má baà dípẹtà. Pákó fèrèsé yàrá náà ti sán díẹ̀. Ẹni tó bá ń kọjá lọ, tó sì yọjú, yóò rí àpò kòkó tí a tò lé ara wọn títí dé òkè. Gbogbo ìlú ló ti yọjú níbẹ̀ rí. Èmi náà yọjú, mo sì ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi nílé ìwé pé lẹ́yìn àpò wọ̀nyẹn ni bẹ́ẹ̀dì onírin wà, àti àpótí aṣọ òfì ìyá mi, bẹ́ẹ̀ n kò dé inú yàrá náà rí. Bó bá di alẹ́, ìyá mi á gún iyán, á pín ẹja kan fún gbogbo wa, á ní ká má tètè jẹ tiwa tán, kí ojú má baà tì wá nídìí ọbẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn olówó ṣe ń jẹun, pé ìfowópamọ́ ni.

Ìlú wa nígbà náà, èèyàn díẹ̀ ni kò ní oko lọ́nà jíjìn, nínú igbó Oǹdó lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ kòkó ti dára. Bí àsìkò bá tó, ìdílé kan á kó lọ, wọ́n lè má padà títí òjò yóò fi dá. Ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ kì í ṣe ilé tí wọ́n pa tì. Wọ́n á fún aládùúgbò ní kọ́kọ́rọ́, ìyẹn á máa ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn wọlé, á máa gbálẹ̀ ìta, á da eérú yí ìdí ògiri ká, á sì máa dáná nínú ilé ìdáná lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí pé èéfín ni ikán ń bẹ̀rù. Nítorí náà, nígbà tí Ìyá Fọlọ́runṣọ́ rí i pé ìyá mi ń di ẹrù, ó kọjá wá bá Bàbá lórí àga ìta. Ó ní, "Bàbá Ràmónì, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yín o, n ó máa bá yín dáná. Ulé tí kò rí èéfín, ikán ló ni ín." Ràmónì ni ẹ̀gbọ́n mi àgbà, tó wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà yẹn. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ pa á. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá Fọlọ́runṣọ́. Èmi ò lọ oko lọ́dún yìí. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, bóyá ni n ó lè máa dé mọ́sáláṣí pàápàá. Mo wà nulé, èmi fúnra mi ni n ó ṣọ́ ulé mi." Obìnrin náà ní kí Ọlọ́run wo ẹsẹ̀ náà sàn, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ Bàbá títí, n kò rí nǹkan kan tó ṣe é.

Ìyá mi àti àwọn àbúrò mi wọkọ̀ lọ lójú gbogbo ayé. Èmi ṣẹ́kù sẹ́yìn nítorí ìdánwò, ìyẹn ni mo fi rí bí Bàbá ṣe ṣọ́ ilé. Lọ́jọ́ tí a óò lọ, lẹ́yìn ìrun àsùbá, ó pọn omi kún búúta rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó bọ́ sálúbàtà aláwọ rẹ̀, kan ṣoṣo tó ní, ó tò ó síbẹ̀, ó kọ orí rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń bọ́ bàtà wọlé. Ó rìn sẹ́yìn, ó wò ó, ó padà lọ gún un díẹ̀. "Sìfáwù," ó ní, "bí wọ́n bá rí búúta, wọn á ní mò ń ṣàlùwàlá. Bí wọ́n bá rí sálúbàtà, wọn á ní mo wà nínú ulé. Olè kì í wọ ulé tí bàbá bá wà." Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, a sì gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé jáde sí ọ̀nà Ayédé, òun pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Ní tèmi, mo rò pé kò sí bàbá tó gbọ́n tó bàbá mi. Ó ní òun á máa yọjú sílé ní Jímọ́ọ̀ Jímọ́ọ̀, kí àwọn èèyàn lè máa rí òun. Ṣùgbọ́n òjò ọdún náà kò gbọ́ àlàyé. Ọ̀nà oko bàjẹ́, ọkọ̀ kò wọlé, ọkọ̀ kò jáde, Jímọ́ọ̀ kan kọjá, òmíràn kọjá, Bàbá sì ń jókòó lẹ́nu ahéré, ó ń wo ẹrẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé, ẹnu Ìyá Fọlọ́runṣọ́ fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ nígbà tí mo dàgbà, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, èmi ni n kò lè rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a lọ, ó kí Bàbá láti òdìkejì, kò gbọ́ ìdáhùn, ó rí búúta, ó ní Bàbá ń kírun ni. Lọ́sàn-án, ó ronú pé ta ni yóò máa fún ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ dídùn lóúnjẹ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ oko, tí kò sì rí èmi náà mọ́. Ó se iṣu, ó bu ọbẹ̀ sí i, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sálúbàtà, ó kan ilẹ̀kùn, ó sì padà lọ kí ojú má baà ti ọkùnrin náà. Nígbà tó padà wá gbé àwo, àwo ti mọ́ tónítóní. Inú rẹ̀ dùn. Láti ọjọ́ náà, kò fi ọjọ́ kan jẹ kó tó bu ti Bàbá, bẹ́ẹ̀ ajá kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò ń sanra. Adìyẹ yé sínú sálúbàtà, obìnrin náà kó ẹyin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní àìsàn náà ti wọ Bàbá lára tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè jáde. Nígbà tó wá di ọjọ́ kan, àwo oúnjẹ wà bó ṣe gbé e, èèrà ti bò ó, òórùn kan sì ń jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó kígbe, àdúgbò pé. Lèmọ́mù kan ilẹ̀kùn, ó pe Bàbá lórúkọ, kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n ní a kì í já ilẹ̀kùn bàbá ẹni láìsí ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n rán Gàníyù, àbúrò Ládánì, sí wa lóko, pé kí ìyá mi máa bọ̀, kí ó sì ránṣẹ́ pe Ràmónì nílé ẹ̀kọ́.

A ń pa kòkó lọ́wọ́ nígbà tí Gàníyù yọ, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ó sì ti mú ojú ọ̀fọ̀ dání. Bàbá ló kọ́kọ́ rí i, ó gbé àdá sókè, ó ní, "Gàníyù, ṣé àlàáfíà ni?" N kò rí irú eré tí Gàníyù sá rí. Fìlà ṣubú, kò wẹ̀yìn. Ẹ̀yìn igi kòkó ló ti ń kígbe pé, "Bàbá Ràmónì, ẹ jọ̀wọ́ o, èmi kọ́ ni mo pa yín!" Ìyá mi ní kí ló dé. Ó ní, "Ìyá Ràmónì, ẹ má bá a jẹun mọ́! Ó ti kú nulé, òórùn rẹ̀ ti gba àdúgbò! Àkúdàáyà ni ẹ ń bá gbé!" Àwọn ará oko ìtòsí sáré jáde, nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, àwọn kan dá ẹ̀yìn padà díẹ̀díẹ̀. Èmi àti àwọn àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa. Ìyá mi na ọwọ́ sókè, ó ní alihamudulilai, ẹni tí wọ́n ní ó kú rèé. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó bèèrè ni pé, "Ṣé wọ́n ti já ulẹ̀kùn?" Gàníyù láti ẹ̀yìn igi ní wọ́n ń dúró de Ràmónì, ṣùgbọ́n òórùn náà kò ṣeé fara dà, bóyá wọn ò ní lè dúró. Bàbá jókòó sílẹ̀ lórí èèpo kòkó. Ó ní, "Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, Ìyá Ràmónì. Wọ́n ti já a." Ẹ̀rín ìyá mi tán lójú ẹsẹ̀. N kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, mo kàn mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín mọ́.

Bàbá mú mi dání lọ sílé, bóyá torí pé ó fẹ́ kí wọ́n rí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó sá. Nínú ọkọ̀ tí a fẹsẹ̀ rìn lọ bá ní títì, Gàníyù fi gbogbo èrò sí àárín òun àti Bàbá. Nígbà tí a dé àdúgbò, àwọn obìnrin kígbe, àwọn ọmọdé sá, ọkùnrin kan wá fi ìka tẹ Bàbá lápá wò, ilẹ̀ wá di ẹ̀rín. Ìyá Fọlọ́runṣọ́ sunkún, ó nu ojú, ó ní, "Bàbá Ràmónì, ta ló wá ń jẹ usu mi?" Ẹ̀rín tún bú. Ilẹ̀kùn àbáwọlé ti padà sípò rẹ̀, ìṣó tuntun ń dán lára rẹ̀. Lèmọ́mù rọra ní, "Eku ló kú sí òkè àjà pálọ̀. A gbé e jù nù. A ò wọ ibòmíràn." Ìyá Fọlọ́runṣọ́ wo ilẹ̀, òun náà ní, "A ò wọ ibòmíràn o." Gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀ ló sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń ṣe àmín. Bí wọn ò bá sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ ni, bóyá Bàbá ìbá gbà wọ́n gbọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Bàbá dúró níwájú yàrá ẹrù. Àgádágodo wà níbẹ̀, títì, epo ṣì ń dán lára rẹ̀, ṣùgbọ́n irin tó gbé e dúró ti gba ìṣó tuntun, ikán sì ti jẹ férémù ilẹ̀kùn náà dé àárín. Ó ṣí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ yàrá náà nìyẹn. Mo kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn àpò, kò sí bẹ́ẹ̀dì, kò sí àpótí, ògiri ló wà níbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ẹnì kan ti gbá a. Àpò kan láàárín wọn ti ya láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì ti rán an padà pẹ̀lú òwú búlúù, ọwọ́ ìránṣọ tó dọ́gba, tó sún mọ́ra. Gbogbo ìlú ló mọ òwú búlúù náà, òun ló wà lára aṣọ akọrin ìjọ Ìyá Fọlọ́runṣọ́. Bàbá wo ojú ìránṣọ náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó lórí àpò kan tó dá wà nílẹ̀, àpò náà sì rì lábẹ́ rẹ̀. Inú kòkó ni wọ́n bí mi sí, mo mọ bí àpò kòkó ṣe ń dún béèyàn bá jókòó lé e. Èyí kò dún bẹ́ẹ̀. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá ń rìn lábẹ́ igi kòkó nígbà ọyẹ́. Ewé ni. Ewé kòkó gbígbẹ ló kún inú gbogbo wọn.

Ojú tì mí. N kò ní fi ọ̀rọ̀ mìíràn pè é. Mo rántí gbogbo ohun tí mo ti sọ nílé ìwé. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dàgbà ni mo wá mọ̀ pé kì í ṣe òṣì wa ló dùn mí jù, nítorí ta ni kò tòṣì ní Ìtàjí nígbà náà? Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n rí i, wọ́n kó ewé wa padà sínú àpò, wọ́n gbálẹ̀, wọ́n rán an, wọ́n sì ti àgádágodo mọ́ irọ́ wa kí ó má baà jáde. Bí wọ́n bá fi wá ṣẹ̀sín, à bá bínú, ìbínú a sì máa gbé èèyàn ró. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Fọlọ́runṣọ́ gbé iyán wá, ó jókòó ti Bàbá, ó ní, "Lójú mi lẹ ó ti jẹ eléyìí." Bàbá jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ títí àwo fi mọ́ tónítóní.

Ìyá mi ló ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀, lọ́jọ́ kan tí a jọ ń bó ẹ̀gẹ́. Ó ní kòkó gidi ló wà nínú àpò wọ̀nyẹn níbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ta ọ̀kan nítorí ẹ̀kọ́ Ràmónì, Bàbá á kó ewé sínú àpò mìíràn, á fi dí àyè rẹ̀, kí ìtòlérí náà má baà kúrú lójú ẹni tó ń yọjú. Bẹ́ẹ̀dì lọ, àpótí òfì lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó ní títí di ọdún ẹsẹ̀ dídùn yẹn, Bàbá kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni rí pẹ̀lú ẹnu. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi fún Ìyá Fọlọ́runṣọ́ ní kọ́kọ́rọ́. Ìyá mi wò mí bíi pé n kò ní ọgbọ́n. "Ẹni tó bá wọlé wá dáná," ó ní, "ṣé kò ní rí i pé òfìfo ni ulé náà ni?" Ewé yẹn gan-an ló pe ikán wá. Bí ó bá jẹ́ pé Bàbá gba èéfín obìnrin náà láàyè, ikán kì bá tí jẹ férémù. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe ṣọ́ ilé rẹ̀ títí ilé náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wó.

Àwọn àgbà mọ́sáláṣí ṣì wá, kí n má purọ́. Wọ́n wá nípa ti oyè, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àwọn kò yí padà. Èyí ló burú jù. Bàbá na ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ ń dùn òun. Kò sẹ́ni tó bi í pé ẹsẹ̀ wo. Ó padà sóko lọ́jọ́ kejì, ó fi búúta àti sálúbàtà sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà, n kò sì mọ̀ bóyá ó gbàgbé ni tàbí kò lè fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Kò tún sùn nínú ilé náà mọ́. Àwa ń lọ, a ń bọ̀, ìyá mi fún Ìyá Fọlọ́runṣọ́ ní kọ́kọ́rọ́ láìsọ fún Bàbá, àwa ọmọ lọ káàkiri, èmi ṣe tíṣà ní Ìkọ̀lé títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bàbá wà lóko, ó ń darúgbó sí ibi tí kò ti sí aládùúgbò tó lè yọjú.

Nígbà tó kú, a gbé e wálé. Èmi ni mo ṣáájú lọ ṣí ilẹ̀kùn. Ìyá Fọlọ́runṣọ́ ti tẹ̀ kọrọdọ, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì ti dákẹ́ tipẹ́. Ilé náà dúró ṣánṣán. Mo gbóòórùn èéfín tútù láti ilé ìdáná. Sálúbàtà Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà, awọ rẹ̀ ti ká, ṣùgbọ́n kò sí eruku lórí rẹ̀, orí rẹ̀ sì kọ sí ilẹ̀kùn. Mo tẹ̀ láti gbé búúta kúrò lọ́nà, mo rò pé yóò fúyẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fa apá mi yọ. Ó kún fún omi, omi tó mọ́, tí kò ní ìdin. Mo yíjú sí òdìkejì ọ̀nà. Obìnrin náà ti ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ta ló ń pọn omi sí i?" Ó ní, "Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Ẹni tó bá ti bi mí, mo ní ó wà nulé, ó ń ṣàlùwàlá." Mo kúnlẹ̀. Ẹ ṣeun kéré jù, ẹ má bínú kò sì yẹ.

Búúta yẹn ni àwọn tó wẹ òkú nawọ́ mú, kò sẹ́ni tó sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Omi tí Ìyá Fọlọ́runṣọ́ pọn láàárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n fi wẹ ọwọ́ bàbá mi. Bí a ṣe wà nínú rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń ti oko bọ̀, tí kò tíì gbọ́, ń kọjá lọ lójú ọ̀nà. Ó rí sálúbàtà, ó sì kí láìdúró, bó ṣe ti máa ń kí láti ìgbà èwe rẹ̀: "Bàbá Ràmónì, ẹ kú ulé o!" Ìyá Fọlọ́runṣọ́ kọjú sí mi, ó ń dúró dè mí. Ojú tì mí bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé nínú yàrá ẹrù, mo sì gbé ohùn sókè, mo dá a lóhùn pé, "Ó wà nulé."